Ìdérí Pupa, Ìdérí Búlúù

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà lójú obìnrin náà, ẹ kàn sọ fún un pé ìṣirò le. Á ní irọ́ ni, pé ẹni tó ń kọ́ni ni kò mọ̀ ọ́n kọ́. Á ní ọmọ tó bá ti lè dá ojú ìyá rẹ̀ mọ̀ láàárín èrò, kò sí ohun tí kò ní mọ̀ bí wọ́n bá ti fi hàn án. Ọdún méjìlélógún ló ti fi ń sọ ọ̀rọ̀ yìí nínú kíláàsì kejì kan ṣoṣo, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí ọ̀dà ara ògiri rẹ̀ ti ń ṣí, tí páànù orí rẹ̀ sì máa ń ta pàá-pàá bí oòrùn bá ti mú un. Ìyá Onídèérí ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí ìdérí ìgò ló sọ di irinṣẹ́.

Ẹ wo iṣẹ́ náà ná, kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń ta ohun mímu ní àdúgbò yẹn tí wọn ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n máa ń kó ìdérí pamọ́ dè é sínú ọ̀rá. Bó bá kó wọn délé, á fi omi ọṣẹ sè wọ́n, á fi òòlù lu etí wọn kí wọ́n má baà gé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́, lẹ́yìn náà á wá kùn wọ́n ní ọ̀dà. Búlúù ni ẹyọ kan. Pupa ni mẹ́wàá. Ó rán àpò aṣọ méjì mọ́ pátákó kan níwájú kíláàsì, àpò òsì fún àwọn mẹ́wàá-mẹ́wàá, àpò ọ̀tún fún ẹyọ-ẹyọ, ó sì kọ orúkọ àpò kọ̀ọ̀kan sí i lára. Bó bá fẹ́ kí àwọn ọmọ rí mẹ́rìnlélógún, á ki pupa méjì bọ àpò òsì, á ki búlúù mẹ́rin bọ tọ̀tún, àwọn ọmọ á sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé inú oyún ni wọ́n ti kọ́ ọ wá. Kódà bó bá ń kọ nọ́ńbà sára pátákó ìkọ̀wé, ṣọ́ọ̀kì pupa ló fi ń kọ ti òsì, á fi búlúù kọ tọ̀tún. Ní kíláàsì tó kù, bí ẹni ń gbé oògùn kíkorò mì ni wọ́n ń ṣe ìṣirò. Ní tirẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń ṣe é.

Ẹnì kan ni kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá àgbàlagbà kan ló ń kọ́ kíláàsì kẹta, Bàbá Kẹta ni wọ́n ń pè é. Odoodún, bí àwọn ọmọ Ìyá Onídèérí bá ti kọjá sọ́wọ́ rẹ̀, á wá dúró sẹ́nu ọ̀nà obìnrin náà, á fọwọ́ lẹ́rán. Á ní, "Ìyá Onídèérí, àwọn ọmọ yín yìí, kí lẹ kọ́ wọn gan-an?"

Òun náà á ní, "Mo kọ́ wọn débi tó yẹ. Ẹ̀yin lẹ gbẹ bí igi ìdáná. Kí ló wà nínú kíláàsì yín tó wu ojú, yàtọ̀ sí pàṣán?"

Àwọn tíṣà tó kù á fi rẹ́rìn-ín, Bàbá Kẹta á yí padà, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ọdún mélòó ló fi ń parí síbẹ̀? Ẹ máa bá mi bọ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ìyá Onídèérí bí, obìnrin ni. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ, nílé àti nílé-ìwé. Orí ẹní ni ìyá àti ọmọ ti máa ń to ìdérí, ní àkókò tí ọ̀dà ara wọn ṣì ń rùn. Ọmọ yẹn ló gba ipò kìíní ní kíláàsì kejì. Ó dé kíláàsì kẹta, ó di ẹni ẹ̀yìn. Ó lo ọdún méjì níbẹ̀. Wọ́n nà án, wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n fi oúnjẹ dù ú, ó ní òun ò lọ mọ́. Nígbà tó dàgbà díẹ̀, ó lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ìyá rẹ̀ ò sì gbàgbé. "Ọmọ tíṣà tí kò mọ ìṣirò," ó máa ń sọ ọ́ lójú ọmọ náà, ó máa ń sọ ọ́ lójú àwọn tó wá ránṣọ pàápàá. Bí wọ́n bá bi í pé báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀, á ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ó ń fi òwe tu ara rẹ̀ nínú ni. Ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ìtìjú ni.

Ọdún ń gorí ọdún, télọ̀ náà bí ọmọbìnrin tirẹ̀. Kékeré ni wọ́n ń pe ọmọ náà nítorí pé kò lára, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ojú rẹ̀ kì í rí. Nígbà tí Kékeré máa wọ kíláàsì kejì, ìyá rẹ̀ wá sílé ìyá tirẹ̀, ó kúnlẹ̀, kò sì dìde nígbà tí wọ́n ní kó dìde.

Ó ní, "Màámi, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo wá bẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìdérí kọ́ ọmọ mi."

"Kí ni ìdérí ṣe?"

"Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ẹ̀ tó máa yé yín. Ẹ ṣáà má fi kọ́ ọ."

Inú bí Ìyá Onídèérí, inú bí i dé gongo. Ó ní, "Ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, ọmọdé lè gun igi kó má rí i. Ìwọ tí o ò kọjá kíláàsì kẹta, ìwọ lo wá ń kọ́ mi níṣẹ́?"

Télọ̀ náà dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó dágbére fún ìyá rẹ̀ bó ṣe yẹ, ó sì lọ. Láti ọjọ́ náà, bó bá fẹ́ rán nǹkan sí ìyá rẹ̀, ọwọ́ Kékeré ló ń fi í rán.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní sáà kejì, Ìyá Onídèérí pe Kékeré síwájú. Ó ní kó fi mẹ́rìnlélógún han kíláàsì. Ọmọ náà na ọwọ́ sínú agbọ̀n, ó kó ìdérí mẹ́fà jáde, búlúù ni gbogbo wọn. Ó ki méjì bọ àpò òsì, ó ki mẹ́rin bọ tọ̀tún, ó yíjú padà, ó ní, "Mẹ́rìnlélógún."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Onídèérí ní, "Búlúù ńkọ́, mélòó ni búlúù?"

"Ẹyọ kan ni, Anti. Ṣùgbọ́n ibi tó wà ni mo wò. Ó ti wọ àpò àwọn mẹ́wàá-mẹ́wàá."

"Mẹ́fà lo kó síbẹ̀. Mẹ́fà ni."

"Bí màmá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn," ni Kékeré wí. Ó lọ sídìí àpò ìwé rẹ̀, ó mú téèpù télọ̀ kan jáde, èyí tó ti gbó tí etí rẹ̀ ti ń tú, ó nà án sókè kí ìyá àgbà rẹ̀ lè rí àwọn ìlà ara rẹ̀.

Ìyá Onídèérí gba téèpù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jù ú sínú àpótí abẹ́ tábìlì, ó tì í. Ó wá wí lójú ọmọ mọ́kànlélógójì pé, "Ẹni tí kò kọjá kíláàsì kẹta ló ń kọ́ ẹ níṣirò? Lọ jókòó." Ọmọ náà lọ jókòó. Kò sunkún. Láti ọjọ́ yẹn, pupa ló ń kì bọ òsì, búlúù ló ń kì bọ ọ̀tún, kò sì béèrè nǹkan kan mọ́. Ìyá àgbà rẹ̀ ní ó ti gbọ́n.

Kò ju oṣù kan lọ lẹ́yìn náà tí lẹ́tà fi dé láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé kà á fún gbogbo tíṣà. Ọ́fíìsì máa rán ẹnì kan wá láti dán àwọn ọmọ wò, orí ìwé ni ìdánwò náà máa wà. Kíláàsì tí kò bá ṣe dáadáa, gbogbo ọmọ inú rẹ̀ máa tún kíláàsì kà, kò sí ẹni tó máa kọjá. Wọ́n á sì kó gbogbo ohun ìfihàn tó wà níbẹ̀ dànù, ìwé nìkan ni tíṣà á máa lò. Àwọn kan ń wo Ìyá Onídèérí lójú. Ó ní kí wọ́n má wo òun, kí wọ́n lọ wo ti ara wọn.

Obìnrin kan tí kò sanra ni ọ́fíìsì rán wá, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ó sì ní sùúrù. Òfin ni pé kí tíṣà jáde, nítorí náà Ìyá Onídèérí lọ dúró sídìí fèrèsé. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó yọjú wo ìwé ìdánwò náà: wọ́n ya àpò méjì síbẹ̀, wọ́n ya róbótó-róbótó sínú wọn bí ìdérí gẹ́lẹ́. Wọ́n tiẹ̀ kọ "mẹ́wàá" àti "ẹyọ" sí wọn lára. Ó ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ọmọ kan nawọ́. "Anti, àwọ̀ wo ni?"

"Àwọ̀ kí ni?" ni obìnrin náà béèrè.

"Róbótó yìí, Anti. Ṣé pupa ni àbí búlúù?"

Obìnrin náà ní kò sí àwọ̀ kankan, dúdú ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ mìíràn nawọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló ní. Ẹ̀kẹta nawọ́. Kò pẹ́ tí gbogbo kíláàsì fi ń béèrè àwọ̀ bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù. Obìnrin náà mú ṣọ́ọ̀kì funfun, ó kọ 24 sí pátákó, ó kọ 42 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní èwo ló pọ̀ jù. Wọ́n wo ara wọn. Ọmọ tó mọ̀wé jù ní kíláàsì ló dìde, ó ní, "Bákan náà ni wọ́n, Anti. Wọn ò ní àwọ̀."

Nídìí fèrèsé ni Ìyá Onídèérí ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fọwọ́ di ògiri mú.

Nígbà náà ni Kékeré nawọ́. Ó ní, "Anti, ṣé ti ilé ni kí n kọ ni, àbí ti ilé-ìwé?"

Obìnrin náà ní, "Èyí tó o mọ̀ ni kó o kọ."

Kékeré tẹríba, ó ń kọ. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ojú òun àti ojú ìyá àgbà rẹ̀ ṣe mẹ́rin ní fèrèsé. Ọmọ náà mú ìrésà, ó pa nǹkan rẹ́, ó tún kọ òmíràn.

Lẹ́yìn ìdánwò, obìnrin ọ́fíìsì náà fi ìwé han Ìyá Onídèérí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kò bú u. Òfìfo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ó yọ ti Kékeré sọ́tọ̀. Mẹ́fà ni ọmọ náà kọ sí ibi róbótó méjì àti mẹ́rin, mẹ́fà náà ló kọ sí èyí tó tẹ̀ lé e, ti mẹ́rin àti méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ìwé yẹn sókè sí ìmọ́lẹ̀ á rí i pé ìdáhùn mìíràn ti wà lábẹ́ mẹ́fà àkọ́kọ́. 24 ni. Ó ti gbà á, ó sì pa á rẹ́.

"Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n," ni obìnrin náà wí. "Ẹ̀rù ta ló ń bà á?"

Obìnrin náà ní òun á padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bí nǹkan bá ṣì rí báyìí, gbogbo ọmọ mọ́kànlélógójì á tún kíláàsì náà kà.

Kíláàsì kẹta ni Ìyá Onídèérí gbà lọ tààrà. Bàbá Kẹta ń nu pátákó. Ó bi í pé, "Bàbá, àwọn ọmọ mi, ṣé wọ́n máa ń béèrè àwọ̀ lọ́wọ́ yín?"

Bàbá náà kò yíjú padà lójú ẹsẹ̀. Ó ní, "Odoodún. Oṣù kìíní, oṣù kejì, kìkì àwọ̀ ni. Àwọn tó bá yára máa ń bọ́ nínú ẹ̀. Àwọn tí kò bá yára, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń lọ."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo wá bá yín lẹ́nu ọ̀nà lódoodún. Ẹ ní mo gbẹ bí igi ìdáná." Ó gbé ìnupátákó sílẹ̀. "Ẹni tó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ mi, ọmọ yín ni. Mo rò pé nítorí pé ìyá rẹ̀ jẹ́ tíṣà ló ṣe ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo nà án gidi. Ọ̀rọ̀ náà kì í kúrò lọ́kàn mi."

Ìyá Onídèérí rọra jáde. Bó ṣe ń lọ lójú títì, ó ń ka ọdún nínú ọkàn rẹ̀, ó ń ka ojú àwọn ọmọ. Àwọn kan ti di ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan ń ti ọmọlanke. Àwọn kan máa ń kí i kúnlẹ̀-kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n á ní, "Anti, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣirò o." Ìkíni yẹn tó máa ń mú orí rẹ̀ wú tẹ́lẹ̀, ó wá ń gún un nínú.

Ọmọ rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀sán ti ń lọ, abẹ́rẹ́ ń lọ sókè sódò, aṣọ ilé-ìwé ni ó ń rán. Ó kí ìyá rẹ̀. Ó nawọ́ sí àga, ìyá náà kò jókòó.

"Ọjọ́ tí Bàbá Kẹta nà ẹ́, kí lo béèrè lọ́wọ́ ẹ̀?"

Ẹ̀rọ dúró. Télọ̀ náà ní, "Àwọ̀ ni. Ṣọ́ọ̀kì funfun ló fi kọ ọ́. Mo ní kó fi èyí tó jẹ́ pupa hàn mí."

"O ò sì sọ fún mi."

"Mo sọ fún yín, Màámi. Nínú yàrá, ẹ ń kun ìdérí lọ́wọ́. Ẹ ní olódo ló ń wá àwáwí."

Ìyá Onídèérí mọ ọ̀rọ̀ náà. Kò rántí ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu òun ni. Ó ní, "Ta ló wá kọ́ ẹ?"

"Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Ó tẹ́ téèpù sórí tábìlì, ó ní, má wo àwọ̀, ibi tí ìlà wà ni kó o máa wò. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló gbà mí." Ó fọwọ́ ra aṣọ orí ẹ̀rọ kó tẹ́jú. "Ọ̀gá mi ò kàwé rárá, Màámi."

Ìyá náà wá jókòó. Ó ní, "Ẹ̀bi mi ni." Kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ náà rí láti ọjọ́ tó ti bí i. "Èmi ni mo ba tìẹ jẹ́, mo sì ń fi ẹ́ ṣẹ̀sín láti ọdún yìí wá. Jọ̀ọ́, wá bá mi kọ́ àwọn ọmọ yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù."

"Èmi tí mi ò kọjá kíláàsì kẹta?"

Kékeré ti gbé ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà rẹ̀ sọ lójú kíláàsì délé. Ìyá Onídèérí dorí kodò, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Ọmọ rẹ̀ wò ó títí. Kò pẹ̀tù sí i, kò sì bú u. Ó ní, "Ojú kíláàsì lẹ ti gba téèpù yẹn lọ́wọ́ ọmọ. Ojú kíláàsì ni kí ẹ ti dá a padà fún un. Tí ẹ bá ṣe ìyẹn, màá rò ó." Ó tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, abẹ́rẹ́ sì ń lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Ìyá Onídèérí fi ọwọ́ ara rẹ̀ bó ọ̀dà kúrò lára ìdérí. Kẹrosíìnì bó o lọ́wọ́. Gbogbo ìdérí di àwọ̀ páànù, àyàfi inú àwọn etí tó ká, níbi tí pupa ti há sí, tí kò fẹ́ jáde. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó ṣí àpótí abẹ́ tábìlì, ó pe Kékeré síwájú, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé téèpù náà fún un.

Ó ní, "Ẹ gbọ́ o, gbogbo yín. Ọjọ́ tí ọmọ yìí sọ pé mẹ́rìnlélógún, mo ní mẹ́fà ni. Òun ló gbà á. Èmi ni mi ò gbà á."

Ọmọ kan ní, "Anti, ẹ̀yin náà máa ń ṣe àṣìṣe?" Ó ní òun máa ń ṣe é. Ọmọ náà rò ó díẹ̀, ó wá béèrè pé, "Ṣùgbọ́n àwọ̀ wo wá ni ìdérí báyìí?" Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ló fẹ́ mọ̀.

Kó tó dáhùn, ó rí ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà. Télọ̀ náà ló dúró síbẹ̀, tòun ti abẹ́rẹ́ tó gún mọ́ àyà aṣọ rẹ̀. Kò sọ ìgbà tó ti dé. Ó wọlé, ó kí àwọn ọmọ, ó gba téèpù lọ́wọ́ Kékeré, ó sì bọ́ síwájú. Ó ní kí wọ́n fún òun láyè díẹ̀, òun kò kọ́ni rí.

Kò sí ibòmíràn tí Ìyá Onídèérí lè dúró sí. Ó lọ sẹ́yìn, ó há ara rẹ̀ mọ́ bẹ́ǹṣì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ, eékún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Ó gbójú sókè wo pátákó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ó wá "mẹ́wàá" tó kọ sára àpò òsì, kò rí i kà. Ó wá "ẹyọ" lára tọ̀tún, kò rí i kà. Láti ibẹ̀ yẹn, lẹ́tà náà kéré jù. Ìgbà tí ìdérí ṣì ní ọ̀dà lára, kò sí ohun mìíràn tí ọmọ tó bá jókòó síbẹ̀ lè rí ju pupa àti búlúù lọ. Ọdún méjìlélógún, kò jókòó síbẹ̀ rí.